Bí ẹ ṣe lè yẹ póòsìkáàdì àtijọ́ tó ní alígétọ̀ lára wò, kẹ́ ẹ tó gba ohun tó ń sọ gbọ́

Tẹ́ ẹ bá ń gbé apá gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ẹ ò ní pẹ́ rí wọn nínú páálí níbi tí wọ́n ti ń ta nǹkan àlòkù. Káàdì kékeré ni, ọmọ òyìnbó jókòó sẹ́yìn alígétọ̀ (ẹranko Amẹ́ríkà tó jọ ọ̀nì) bí ẹni gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, tàbí alígétọ̀ ń fa kẹ̀kẹ́ ọmọdé, tàbí ọkùnrin Seminole kan (ẹ̀yà ọmọ onílẹ̀ ní Flọ́rídà) di ẹranko náà lẹ́nu mú tí àwọn èèyàn dúró yí i ká ń wò. Wọ́n kún orí íntánẹ́ẹ̀tì náà, àwọn èèyàn wa sì máa ń fi wọ́n ṣọwọ́ síra lórí WhatsApp pẹ̀lú ìtàn tí ẹnikẹ́ni ò mọ ibi tó ti wá. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn ni pé ọjà ni káàdì yẹn. Ẹnì kan ló ṣètò ẹ̀, ó yà á, ó kùn ún, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì tà á fún ẹni tó wá gbafẹ́ kó lè fi ránṣẹ́ sílé pé òun dé Flọ́rídà. Torí náà ẹ kọ́kọ́ wádìí ẹni tó tà á, ìgbà tó tà á àti ibi tó ti tà á, lẹ́yìn ìyẹn lẹ tó lè wá béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀ nínú àwòrán. Bí mo ṣe máa ń ṣe é nìyí.

Ẹ kọ́kọ́ yí i padà

Mo mọ̀ pé alígétọ̀ ló ń wù yín wò, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn káàdì ni ọjọ́ orí ẹ̀ wà. Ẹ fọwọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ di etí káàdì mú, ẹ má fi ìka kan ojú àwòrán. Tẹ́ ẹ bá rí Private Mailing Card lẹ́yìn ẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pé òfin May 19, 1898 ló fàyè gbà á, àárín 1898 sí ìparí 1901 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́. December 1901 ni ìjọba wá gbà kí àwọn aládàáni máa kọ Post Card sí tiwọn. Láyé ìgbà yẹn, àdírẹ́sì nìkan ló lè wà lẹ́yìn, ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ láti sọ á fún un mọ́ ẹ̀gbẹ́ àwòrán níwájú, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi máa ń rí ìkọ̀wé wínníwínní tó gba abẹ́ ìrù alígétọ̀ kọjá. March 1, 1907 ni Amẹ́ríkà tó gbà kí wọ́n fi ìlà pín ẹ̀yìn káàdì sí méjì, ọ̀rọ̀ lápá òsì, àdírẹ́sì lápá ọ̀tún (àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣe tiwọn bẹ́ẹ̀ láti 1902, ti Amẹ́ríkà là ń sọ níbí). Tí ìlà àárín yẹn bá ti wà, ẹni tó ń tà á ò lè sọ fún yín pé ti 1903 ni kẹ́ ẹ sì gbà.

Òǹtẹ̀ póòsì máa ń ní déètì, ó dáa, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Àmọ́ ọjọ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ nìyẹn. Káàdì lè ti pẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù kí ẹnì kan tó rà á, fọ́tò tó wà lára ẹ̀ sì lè ti wà nílẹ̀ tipẹ́ kí wọ́n tó sọ ọ́ di káàdì. Ohun tí òǹtẹ̀ lè fi dá yín lójú kò ju pé wọn ò tẹ káàdì náà lẹ́yìn ọjọ́ yẹn. Ẹ tún wo owó sítáǹpù: sẹ́ǹtì kan ni fún ọ̀pọ̀ ọdún títí 1951 fi parí, ó di méjì ní 1952, àyàfi ìgbà ogun láti 1917 sí 1919 àti àárín 1925 sí 1928 tí wọ́n ti gba sẹ́ǹtì méjì rí. Tí nọ́ńbà márùn-ún bá tẹ̀ lé orúkọ ìpínlẹ̀ nínú àdírẹ́sì, ó ti di 1963 tàbí lẹ́yìn ẹ̀.

Bébà, etí ẹ̀, àti nọ́ńbà kékeré

Ṣáájú ogun àgbáyé àkọ́kọ́, Jámánì ni wọ́n ti ń tẹ ọ̀pọ̀ nínú àwọn káàdì aláwọ̀ tó dáa jù, àwòrán sì máa ń dé etí bébà. Ogun bẹ̀rẹ̀ ní 1914, ọjà Jámánì ò wọlé dáadáa mọ́, àwọn ilé ìtẹ̀wé Amẹ́ríkà gba iṣẹ́ náà, wọ́n sì ń fi etí funfun sílẹ̀ yí àwòrán ká kí íńkì má baà lọ púpọ̀. Nítorí ẹ̀, tẹ́ ẹ bá rí etí funfun, ẹ máa ronú nǹkan bíi 1915 sí 1930. Láti 1930s ni bébà tí ojú ẹ̀ rí wínníwínní bíi ti aṣọ ọ̀gbọ̀ gbòde, àwọ̀ orí ẹ̀ máa ń pọ̀ kọjá ààlà, ojú ọ̀run búlúù, koríko tútù yọ̀yọ̀. Àwọn tó ń dán, tó jẹ́ fọ́tò aláwọ̀ gidi, bẹ̀rẹ̀ ní 1939, àwọn ló sì gba ọjà lẹ́yìn ogun kejì.

Ilé iṣẹ́ Curt Teich ní Chicago tẹ èyí tó pọ̀ nínú àwọn olójú-aṣọ yẹn, ó sì fi déètì pa mọ́ sínú nọ́ńbà tó wà lára káàdì. Tẹ́ ẹ bá rí 5A-H tí nọ́ńbà míì tẹ̀ lé e, lẹ́tà àkọ́kọ́ ló ń sọ ẹ̀wádún: A ni 1930s, B ni 1940s, C ni 1950s. Nọ́ńbà tó ṣáájú lẹ́tà ló ń sọ ọdún. Nítorí náà 5A-H jẹ́ 1935, 2B-H jẹ́ 1942. Ẹ wò ó, ìṣẹ́jú kan péré, ẹ ti mọ ọdún. Newberry Library ní Chicago ni àkójọ káàdì ilé iṣẹ́ yẹn wà báyìí.

Oríṣi kan wà tí àwọn tó ń kó káàdì jọ máa ń lé kiri gan-an, S. Langsdorf ní New York ló gbé e jáde ní nǹkan bíi 1908, Jámánì ni wọ́n sì ti tẹ̀ ẹ́. Àwọn alígétọ̀ ni wọ́n fi ṣe férémù yí àwòrán ká, wọ́n sì tẹ̀ wọ́n kí wọ́n yọ sókè, tẹ́ ẹ bá rọra fi ìka kan férémù yẹn (férémù nìkan o), ẹ máa mọ egungun ẹ̀yìn ẹranko náà lábẹ́ ìka yín. 165 ni gbogbo ẹ̀, láti S500 dé S664. Nínú férémù, ẹ máa rí ilé, odò, òpópónà ìlú gúúsù, ẹ sì máa rí àwọn kan tó jẹ́ pé èèyàn dúdú ni wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ń padà bọ̀ sórí ìyẹn.

Ṣé fọ́tò ni àbí ìtẹ̀wé?

Ẹ wá gíláàsì kékeré tí àwọn tó ń tún aago ṣe máa ń fi sójú, kò wọ́n rárá. Ẹ fi wo ibi tí àwọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di funfun, bíi ojú ọ̀run tàbí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ. Tẹ́ ẹ bá rí tótótó, àwọn àmì roboto kéékèèké tó tò lẹ́sẹẹsẹ, ìtẹ̀wé ni. Tí kò bá sí tótótó kankan, tí dúdú ń rọra di eérú tí eérú ń rọra di funfun, fọ́tò gidi ni wọ́n fọ̀ sórí bébà káàdì, ìyẹn sì ṣe pàtàkì torí pé ó súnmọ́ ohun tí kámẹ́rà rí gan-an. Lórí fọ́tò gidi, ẹ wo àpótí tí wọ́n ń lẹ sítáǹpù sí. Tí wọ́n bá kọ AZO síbẹ̀, tí onígun mẹ́ta mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọjú sókè, nǹkan bíi 1904 sí 1918 ni bébà náà. Tí méjì bá kọjú sókè tí méjì kọjú sísàlẹ̀, 1918 sí 1930. Tó bá jẹ́ onígun mẹ́rin kéékèèké ló wà ní kọ̀rọ̀ àpótí náà, ó ń lọ láti àárín 1920s sí 1940s.

Ẹ ra tọ́ọ̀ṣì UV náà, irú èyí tí wọ́n fi ń yẹ owó ayédèrú wò. Ẹ pa iná yàrá, ẹ tàn án sí i. Tí bébà bá tàn yanran bí ìgbà tí aṣọ funfun bá tàn nínú kíláàbù, kẹ́míkà tó ń mú bébà funfun wà nínú ẹ̀, wọn ò sì fi í sínú bébà káàkiri àfi lẹ́yìn ogun kejì. Káàdì tó pe ara ẹ̀ ní 1908 tó wá ń tàn báyẹn, ẹ̀dà òde òní ni. Wọ́n máa ń ṣe ẹ̀dà àwọn káàdì tó fi èèyàn dúdú ṣe yẹ̀yẹ́ gan-an, torí owó ńlá ni wọ́n ń béèrè fún wọn.

Níbi tá a dé yìí, ẹ yíjú sí iwájú

Ṣé alígétọ̀ ni lóòótọ́? Gúúsù pátápátá Flọ́rídà ní ọ̀nì tiẹ̀ náà, àwọn tó ń tẹ káàdì kì í sì í fi gbogbo ìgbà bìkítà. Imú alígétọ̀ fẹ̀ ó sì rí roboto níwájú, tó bá pa ẹnu dé, eyín ìsàlẹ̀ ò ní hàn. Imú ọ̀nì tẹ́ẹ́rẹ́, tó bá pa ẹnu dé, eyín kẹrin ìsàlẹ̀ máa yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu. Ẹ má fi àwọ̀ pinnu. Ọ̀pọ̀ káàdì yẹn, fọ́tò dúdú-àti-funfun ni, ilé ìtẹ̀wé ló kùn ún, alígétọ̀ tó jẹ́ dúdú bí ẹrẹ̀ wá di tútù bí ewé, torí pé ìyẹn ló tà.

Ṣé ó wà láàyè? Àwọn sitúdíò kan ní àwọn ìlú ìgbafẹ́ máa ń gbé alígétọ̀ tí wọ́n ti pa, tí wọ́n ti kì nǹkan sínú awọ ẹ̀, sílẹ̀, kí àlejò jókòó lé e kí wọ́n yà á. Ẹ wo ẹsẹ̀ ẹ̀: ti ẹranko ààyè máa ń tẹ ilẹ̀, ikùn á sì tẹ́jú mọ́ ilẹ̀, ti ẹran kíkì máa ń dúró gbagidi, ẹnu á yà gbàgà láìsí omi nínú ẹ̀, ẹ sì lè rí ojú ibi tí wọ́n rán pọ̀ ní ikùn. Tẹ́ ẹ bá rí alígétọ̀ kan náà, tó yà ẹnu bákan náà, nínú fọ́tò ìdílé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀rọ̀ ti parí.

Tó bá sì jẹ́ ààyè, kí ló dé tó fi jókòó jẹ́ẹ́ tí ọmọ ọwọ́ fi wà lẹ́yìn ẹ̀? Ẹ wá okùn. Ẹ wò ó ní ẹnu, lábẹ́ àgbọ̀n, ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Agbára tí alígétọ̀ fi ń pa ẹnu dé ò kéré, ṣùgbọ́n iṣan tó fi ń la ẹnu ò lágbára, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ lè dì í, kámẹ́rà ìgbà yẹn sì lè má fi okùn yẹn hàn kedere. Nǹkan kejì ni òtútù. Ẹranko yìí kò ní ooru tara ẹ̀, oòrùn ló ń yá, tí ojú ọjọ́ bá ti lọ sílẹ̀ ju nǹkan bíi 21°C, kì í fẹ́ jẹun mọ́, á máa rọra mí. Ìgbà òtútù sì ni àwọn olówó láti òkè àríwá máa ń sá wá sí Flọ́rídà, ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n ń ya fọ́tò. Àwòrán náà ò parọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá tìtorí ẹ̀ gbà pé alígétọ̀ jẹ́ ẹranko tó ṣeé bá ṣeré ti tan ara ẹ̀ jẹ.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sábẹ́ àwòrán ńkọ́? Ẹ máa rí èyí tó ní ẹranko náà ti tó ọgọ́rùn-ún mélòó kan ọdún. Irọ́ ìpolówó ọjà ni. Muja, alígétọ̀ tó wà ní ọgbà ẹranko Belgrade, 1937 ló débẹ̀, òun sì wà lára àwọn tó dàgbà jù tí wọ́n mọ̀ láyé. Gígùn náà, ẹ ṣọ́ra. Wọ́n pa ọ̀kan ní Alabama ní 2014 tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 15 àti ínǹṣì 9, ó sì wà lára èyí tó gùn jù tí wọ́n tíì wọ̀n. Tí káàdì bá fi èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ hàn yín, ẹ wo ibi tí ọkùnrin dúró sí: ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ̀yìn ló wà, tí kámẹ́rà wà lójú ẹranko. Ẹ wo òjìji náà. Tí òjìji èèyàn bá lọ sápá òsì tí ti alígétọ̀ lọ sápá ọ̀tún, wọ́n gé méjì lẹ̀ pọ̀ ni.

Ibo ni wọ́n ti yà á

Kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ inú ẹrẹ̀, ọgbà tí wọ́n ń gba owó ẹnu ọ̀nà ni. St. Augustine Alligator Farm ní Flọ́rídà, George Reddington àti Felix Fire ló dá a sílẹ̀ ní 1893, ó ṣì wà títí dòní. California Alligator Farm ní Los Angeles ṣí ní 1907, ó kó lọ sí Buena Park ní 1953, ó tì pa ní 1984. Alígétọ̀ kì í gbé Kalifọ́níà nínú igbó, nítorí náà tẹ́ ẹ bá rí orúkọ Los Angeles, inú ọgbà yẹn ló jọ pé ó ti wá, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń fi ẹranko náà fa kẹ̀kẹ́, tí wọ́n ń tì í lórí pákó kó yọ̀ wọ inú omi. Tẹ́ ẹ bá rí Alligator Joe, ẹ má sáré, ju ẹnì kan lọ ló jẹ́ orúkọ yẹn: Warren Frazee wà ní Palm Beach, Campbell wà ní Jacksonville. Frazee kú ní 1915, nítorí náà ọjọ́ orí káàdì lè ràn yín lọ́wọ́ láti mọ èwo nínú wọn ni.

Àwọn èèyàn tó wà nínú àwòrán

Níbí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ jù lọ.

Àwọn Seminole ti mọ bí wọ́n ṣe ń mú alígétọ̀ láàyè tipẹ́, ọdẹ ni wọ́n, wọ́n ń jẹ ẹran ẹ̀, wọ́n sì ń ta awọ fún oníṣòwò. Nígbà tí wọ́n ń fa omi Everglades, irà ńlá tó wà ní gúúsù Flọ́rídà, gbẹ, tí ọjà awọ ò sì rí bíi ti tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ ìdílé lọ ń gbé nínú ọgbà ìgbafẹ́ ní Miami, bíi Musa Isle àti ti Coppinger, kí àlejò lè wá sanwó wò wọ́n. Ìjàkadì pẹ̀lú alígétọ̀ tẹ́ ẹ ń rí lórí káàdì, iṣẹ́ òòjọ́ ni, wọ́n ń ṣe é torí owó. Lẹ́yìn tí ọ̀nà Tamiami Trail ṣí ní 1928, irú abúlé bẹ́ẹ̀ tún pọ̀ sí i lẹ́bàá ọ̀nà. Aṣọ wọn lè ran déètì yín lọ́wọ́: àwọn ìlà tí wọ́n fi ègé aṣọ aláwọ̀ oríṣiríṣi gán-ún pọ̀ pẹ̀lú maṣíìnì, nǹkan bíi 1917 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́pọ̀. Ẹ kọ Seminole tàbí Miccosukee (ẹ̀yà míì tó bá wọn tan) tó bá wà nínú ọ̀rọ̀ ìdí àwòrán, ẹ má wulẹ̀ kọ "Indian" kẹ́ ẹ sì kọjá lọ.

Àwọn káàdì kan wà tó fi ọmọ dúdú sí iwájú alígétọ̀ tó la ẹnu, tí wọ́n kọ "Alligator Bait" sábẹ́ ẹ̀, ìyẹn ni pé ọmọ èèyàn ni ìjẹ orí ìwọ̀. Èyí tó gbajúmọ̀ jù, sitúdíò McCrary & Branson ní Knoxville, Tennessee, ló yà á ní 1897: ọmọ dúdú mẹ́sàn-án, ìhòòhò ni wọ́n wà, wọ́n tò wọ́n jọ. Kò sí alígétọ̀ kankan ní àyíká Knoxville, ìlú olókè ni, kò sì sí alígétọ̀ nínú fọ́tò náà. Àwọn ọmọ kan tí ẹnì kan bí, tí wọ́n ní orúkọ, wọ́n gbé wọn síwájú kámẹ́rà, ẹlòmíì wá kọ ọ̀rọ̀ burúkú yẹn sábẹ́ wọn, àwọn èèyàn sì fowó rà á. Àtọmọdọ́mọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti Áfíríkà ni àwọn ọmọ yẹn. Ó ń dùn mí nígbàkigbà tí mo bá rí i.

Báwo la ṣe máa kà á? Fọ́tò tí wọ́n tò jọ nínú sitúdíò kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹnì kan fi ọmọ ṣe ìjẹ. Mo mọ̀ pé wọ́n ń fi káàdì yẹn sọ bẹ́ẹ̀ lórí WhatsApp, mo sì mọ̀ pé ìbínú ló ń sún wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí káàdì jẹ́rìí sí kedere burú tó fúnra ẹ̀: ọjà wà fún un, póòsì gbé e, ẹni tó gbà á lè gbé e sí orí tábìlì yàrá àlejò. Ẹ di èyí mú, kò sẹ́ni tó lè já a. Ọ̀rọ̀ náà ò sì kú sínú 1897: June 2020 ni University of Florida ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé àwọn ò ní lo igbe "Gator Bait" mọ́ níbi eré.

Tí irú káàdì yẹn bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ má dáná sun ún, ẹ má sì gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ìhòòhò láìsí àlàyé. Ẹ yà á, ẹ bo ara ọmọ, ẹ kọ ọdún, ilé iṣẹ́ àti ìlú tí wọ́n ti ṣe é sí i. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e fún ẹni tó máa lò ó dáadáa, Jim Crow Museum wà ní Ferris State University, Michigan, David Pilgrim ló fi àkójọ tara ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, irú nǹkan yìí ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn èèyàn.

Bí ẹ ṣe máa tọ́jú ẹ̀

Ẹ fi skánà ṣe é ní 600 dpi, iwájú àti ẹ̀yìn, ẹ tọ́jú ẹ̀dà TIFF kan tí ẹ ò ní fọwọ́ kàn, kẹ́ ẹ wá fi JPEG pín in. Fóònù náà lè ṣe é tí kò bá sí skánà, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ẹ pa fláàṣì, torí pé fọ́tò gidi máa ń dán padà. Tẹ́ẹ̀pù ò gbọ́dọ̀ kan káàdì láéláé. Ẹ fi sínú ọ̀rá polypropylene, ẹ yẹra fún èyí tí wọ́n bá kọ PVC sí, kẹ́míkà ẹ̀ máa ń ba íńkì jẹ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ nǹkan sẹ́yìn ẹ̀, pẹ́ńsù rírọ̀ ni, kì í ṣe báírò.

Lẹ́yìn náà ẹ wá èkejì ẹ̀. Florida Memory, ti ilé àkójọ ìwé ìpínlẹ̀ Flọ́rídà, wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́; Library of Congress náà ní àwòrán Detroit Publishing Company, níbi tí William Henry Jackson, ayàwòrán, ti ṣiṣẹ́, rẹpẹtẹ. Ẹ tẹ orúkọ ìlú àti ti ilé iṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe "alligator" nìkan, torí tó bá jẹ́ ìyẹn nìkan lẹ tẹ̀, èsì á pọ̀ kọjá ohun tẹ́ ẹ lè wò tán. Tẹ́ ẹ bá rí fọ́tò tí wọn ò tíì kùn, ẹ gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ wo ohun tí wọ́n fi kún un, ohun tí wọ́n pa rẹ́, okùn tí wọ́n fi àwọ̀ bò mọ́lẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ lò ó nínú ìwé tàbí fídíò yín, káàdì tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ju ọdún 95 sẹ́yìn lọ ti bọ́ kúrò lábẹ́ ẹ̀tọ́ onínǹkan níbẹ̀. Èyí tí kò bá tíì tó bẹ́ẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé àkójọ tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ tó lò ó.